Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣíṣà sínú ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn yín

Gbọ̀ngàn àríyá ni mo ń bójú tó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí sì mọ̀ pé bí Iléyá bá ti dé, tí àwọn régbérégbé ń múra Ojúde Ọba, gbọ̀ngàn kì í ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ ti wá ń pe oníṣíṣà, ẹni tó ń gbé èéfín tábà tí a ń fi okùn fà láti inú ìgò omi wá, sóde báyìí bí wọ́n ṣe ń pe alásè.

Mo ti jókòó ti oníṣíṣà kan rí. Ó bu tábà tí wọ́n fi oyin àti òórùn ápù pò sínú ìkòkò kékeré, ó fi fọ́ìlì bò ó, ó fi igi ìtayín lu ú ní ihò wẹ́wẹ́, ó sì gbé ẹyin iná lé e. Ohun tí ó kọ mí lóminú ni pé ọmọ ilé ìwé girama kan fa okùn náà léraléra láì wúkọ́ rárá. Iṣẹ́ tí adùn ń ṣe nìyẹn: ó ń bo oró èéfín mọ́lẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ èéfín í fà, bẹ́ẹ̀ nikotíìnì inú rẹ̀, èyí tí ń sọ tábà di bárakú, wà níbẹ̀ digbí. Omi ìsàlẹ̀ kò sẹ́ májèlé kúrò, èédú orí rẹ̀ sì ń tú irú afẹ́fẹ́ olóró tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ènìyàn nínú yàrá.

Òfin Ìṣàkóso Tábà ti ọdún 2015 ka títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka mímu ún níbi tí ará ìlú ń péjọ sí léèwọ̀. Ìlànà ọdún 2019 tí ó tẹ̀lé e fi òfin de adùn inú tábà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Amẹ́ríkà ti lé adùn èso kúrò nínú sìgá láti 2009, àmọ́ wọ́n dá mẹ́ńtọ́ọ̀lì, adùn tútù bíi ti mínítì, sí (ojúsàájú ni mo ka ìyẹn sí). Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù kò dá a sí mọ́ láti 2020.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba àsansílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé ẹ kò gba ṣíṣà láàyè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá di alẹ́ àríyá, olóde ti sanwó fún oníṣíṣà, àwọn àgbà á ní kí ẹ fojú fò ó lónìí, ta ni yóò sì fẹ́ ba òde olóde jẹ́ ní Ìjẹ̀bú? Ẹ lẹ àkíyèsí pé a kì í mu tábà níbẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, nítorí ọrùn alábòójútó ni òfin gbé ìyẹn kọ́. Bí oníṣíṣà bá ní ewé lásán ni, kò sí tábà níbẹ̀, ẹ ní kí ó gbé agolo rẹ̀ wá kí ẹ kà á. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, èédú náà ni wọn yóò ṣì fi jó o. Àwọn oníbàárà kan ti tìtorí èyí gba gbọ̀ngàn mìíràn lọ, mo sì dá owó wọn padà.