Àgbọ̀n mi ò jẹ́ kí n yán

Bí mo ṣe jí láàárọ̀ yìí tí mo fẹ́ yán, ẹnu mi ò ṣí dé ìdajì. Nǹkan kan ta "kó!" níwájú etí mi ọ̀tún, ìrora sì gba ibẹ̀ gun orí lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé etí ló ń dùn mí.

Mo fi ìka méjì kan iwájú etí náà, mo rọra ń yanu, mo ń pa á dé. Oríkèé àgbọ̀n ló wà níbẹ̀! Mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi bó ṣe ń yẹ̀, tó tún ń padà.

Mo lọ rí dókítà eyín, ó ní mo máa ń payín keke lójú oorun. Oúnjẹ rírọ̀ ni kí n máa jẹ, kí n fi ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí n máa fi aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé oríkèé náà fún bí ìṣẹ́jú 15. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: tí a ò bá jẹun, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò yẹ kó kanra rárá. Tèmi kì í sinmi!

Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Kí lẹ ṣe sí i?