Ọjà Tí A Ń Fi Ojú Inú Ná

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù kọkànlá. Akóbọ̀, Ìbàdàn.

Ọyẹ́ ti dé, ètè àwọn ọmọ ti ń là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi lọ́dún yìí pé Kérésì ti sún mọ́lé, fóònù mi ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù ni Jumia tó ń tajà lórí ayélujára ti ń pariwo Black Friday, ọjà ẹ̀dínwó wọn, Konga ní tirẹ̀ máa ń pe é ní Yakata, Temu sì ń yọjú nínú gbogbo nǹkan tí mo bá ṣí, ìbáà ṣe ìròyìn, ìbáà ṣe ìwàásù. Ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó dá a sílẹ̀ fi ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó gba odidi oṣù. Ìgbà wo làwa náà ṣe ìnáwó ọjọ́ kan rí?

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nítorí àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester. Láti ìgbà tó ti lọ, kò tíì ráyè wálé. Tẹ́lẹ̀, owó ló máa ń fi ránṣẹ́ tí ọdún bá ti ń bọ̀, kí n bá òun ra nǹkan fún àwọn ọmọ. Lọ́dún yìí ó ní rárá, òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun yan ẹ̀bùn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé bọ̀ọ̀dá òun ló rà á. Méjì tèmi, mẹ́ta ti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Ọ̀jọ́ọ̀. Ó jókòó sọ́hùn-ún, ó ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp títí òru fi ń jìn.

“Àǹtí mi, ẹ wo eléyìí. Ṣé kò ní dáa fún Kékeré?”

Mo ṣí i. Àwọn róbótó oníke aláràbarà tí wọ́n máa ń kó sórí igi kan ni, láti fi kọ́ ọmọ ọwọ́ ní àwọ̀. Kékeré tó ń wí yìí ti wà ní pírámárì kejì, ó ti ń bá mi jiyàn lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ń lọ, ìlédìí ló ṣì wà nídìí rẹ̀, orí ìlédìí yẹn náà ni ojú rẹ̀ dúró sí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò wá dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ó jẹ́ kí n ro irú ọjà tí a ń ná yìí. Ẹni tó ń rà á kò rí i. Ẹni tó ń tà á kò rí ẹni tó ń rà. Bọ̀ọ̀dá sì wà níbẹ̀ tí kò rí ọmọ tó ń torí rẹ̀ náwó. Bí ẹnì kankan kò bá ṣe ojú láàárín wọn, nǹkan tí yóò wọlé lọ́jọ́ Kérésì kò ní bá ọmọ tó wà nílé mu. Orí mi ni iṣẹ́ ojú yẹn wá já lé.

Rúlà ilé-ìwé ọmọ mi ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Sẹ̀ǹtímítà 30 ni. Àwòrán kì í parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ bó ṣe tóbi tó. Wọ́n á ya bèbí kan kún gbogbo ojú fóònù, irun rẹ̀ á máa dán, o ó rò pé ọmọ á lè pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Bí o bá wá lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ní sẹ̀ǹtímítà 14. Mo fi ìka sórí rúlà, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Manchester: “Bó ṣe tó nìyí o.” Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n pa á rẹ́.

Ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń tò sábẹ́ ọjà kò wú mi lórí mọ́. Fọ́tò tí àwọn tó ti rà á yà fúnra wọn ni mò ń wá, pàápàá èyí tí mo bá rí i pé Nàìjíríà ni wọ́n ti yà á: táìsì tí a mọ̀, kápẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀, bẹ́ẹ̀dì tí wọn kò tíì tẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe àṣehàn. Wọ́n ń ta ilé bèbí kan tó jẹ́ pé nínú àwòrán òǹtajà, ọmọbìnrin kan ló kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọlé. Obìnrin kan tó ti rà á gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó yà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú fọ́tò náà pẹ̀lú sílípáàsì. Sílípáàsì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju òrùlé ilé náà lọ. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Kí ló tún fẹ́ kọ?

Ohun tí mo ń pàdánù jù ni ẹnu ọlọ́jà. Ní Ògùnpa, mò ń bá obìnrin kan ná mọ́tò onírìmóòtù lọ́dún kan. A ti ń fà á díẹ̀díẹ̀, mo ti yí ẹ̀yìn padà lẹ́ẹ̀kan, ó ti pè mí padà, bí a ṣe ń ṣe é. Àfi bó ṣe dédé rọ ohùn sílẹ̀: “Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ mú ìyẹn. Àná ni wọ́n dá irú rẹ̀ padà fún mi. Ẹ fi nǹkan díẹ̀ kún un, kí ẹ mú tòkè yẹn.” Lóòótọ́, ó fẹ́ kí n fowó kún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ ìsọ̀ òun, mo sì lè padà wá ké lé òun lórí níwájú àwọn oníbàárà. Nínú fóònù, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé mo lè padà wá.

Ìnájà pàápàá máa ń jẹ́ kí ènìyàn ráyè ronú. Bí o ti ń ná an, o ń bá ara rẹ sọ̀rọ̀: ṣé ọmọ yìí nílò rẹ̀, ṣé kò ní dá a sọnù lọ́jọ́ kejì? Fóònù kì í fẹ́ kí o ronú. “Ó ku mẹ́ta!” “Wákàtí méjì ló kù!” Mo ti rí “ó ku mẹ́ta” kan lọ́jọ́ Ajé tó ṣì ku mẹ́ta lónìí. Iye tí wọ́n sì máa ń fa ìlà lé lórí yẹn, pé iye tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, èmi kì í kà á sí. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń ya àwòrán ojú fóònù mi sílẹ̀. Òǹtajà kan fa ìlà lé iye kan tí n kò rí i kó tà á bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwòrán tí mo yà. Iye tó wá pè ní ẹ̀dínwó ni iye tó ń tà á láti ọjọ́ yìí.

N kò ní torí èyí bú ọjà ayélujára o. Ẹni tó bá ti há sí Ìwó Road lọ́sàn-án oṣù kejìlá kò ní bá mi bú u. Mo sì lè wo ọjà kan náà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá láìdìde lórí àga. Nǹkan tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ojú àti ọwọ́ máa ń bá wa bèèrè lọ́jà, àfi kí ènìyàn fi ẹnu bèèrè rẹ̀ báyìí.

Bí ọ̀rọ̀ bàtìrì. Èyí ni mi ò gbà fún àbúrò mi rárá, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Ó rí ìwé kan tó máa ń kọrin bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ rà á fún àbígbẹ̀yìn Ọ̀jọ́ọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo bàtìrì pẹlẹbẹ róbótó tí ó ń dán yẹn. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sọ́nà ọ̀fun, kò dúró di ìgbà tí bàtìrì á bẹ́ o: iná inú rẹ̀ pẹ̀lú omi ara ló ń ṣiṣẹ́, ó sì lè jó ẹran ara láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ká máa wò ó bóyá á bá ìgbẹ́ jáde. Nítorí náà, bí mo bá wà lọ́jà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n dojú nǹkan ìṣeré délẹ̀, kí n wo ibi tí bàtìrì wà, bóyá wọ́n fi súkúrù dè é tàbí èékánná lásán lè ṣí i. Lórí fóònù, ta ló ń ya ìdí nǹkan ìṣeré?

Mo kọ̀wé sí òǹtajà náà pé kó jọ̀ọ́, kó dojú rẹ̀ dé kó yà á fún mi. Mo rò pé kò ní dáhùn. Kò pẹ́ tó fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Súkúrù kan wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti ń yọ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló wà nílé, ẹ jẹ́ kí n fi oníbúlọ́ọ̀kù hàn yín.” Mo gbàdúrà fún un. Òun nìkan lẹni tó bá mi ṣe bí ọlọ́jà Ògùnpa láti oṣù yìí. Búlọ́ọ̀kù ńláńlá la rà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí kò lè wọ inú páìpù bébà tí wọ́n máa ń yí tíṣù ilé ìgbẹ̀ mọ́. Bí nǹkan bá ti gba inú páìpù yẹn kọjá, kò yẹ kó dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àmì rẹ̀ máa ń wà lára páálí: ojú ọmọ kan nínú róbótó pupa, wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n kọ 0-3 sí i.

Mọ́tò tí ọmọ ń jókòó sí, tó ń fi bàtìrì rìn, ìyẹn ni ọmọ mi ọkùnrin fẹ́. Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ti gbà. Èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: fólítì 12, kí a fi sí iná fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, kó fi lè rìn fún bíi wákàtí kan. Iná àdúgbò wa kì í ṣe Band A, àwọn tí iná tiwọn máa ń pẹ́. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ máa tan torí mọ́tò oníke? Ọ̀nà iwájú ilé wa ńkọ́, tí mọ́tò àgbàlagbà ń bẹ̀ ẹ́ kó tó kọjá? Básíkù la fẹnu kò sí. Bàbá wọn dá sí i láti orí àga pé agolo mílíìkì làwọn fi ń ṣe mọ́tò láyé àwọn, tí àwọn á gé sílípáàsì ṣe táyà rẹ̀. Ó gbàgbé pé àpá ibi tí agolo gé e ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

Ní ti bèbí, mo ti ní ọ̀kan lọ́kàn. Ní 2007 ni ọmọ Nàìjíríà kan, Taofick Okoya, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn bèbí aláwọ̀ dúdú tó pè ní Queens of Africa, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Wúràọlá. Inú mi dùn sí i gan-an, mo pe ọmọ mi obìnrin wá wò ó. Ó wò ó dáadáa. Ó ní ó rẹwà. Ó ní ṣùgbọ́n onírun búlúù yẹn ni òun fẹ́. Onírun búlúù kò jọ òyìnbó, kò jọ èèyàn dúdú, ẹja ni láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Màmá, ìyá ọkọ mi, gbọ́ gbogbo àròyé yìí nígbà tí wọ́n wá kí wa. Wọ́n ní kí ló le níbẹ̀? Nígbà tí Kingsway, ilé ìtajà ńlá yẹn, ṣì wà ní Dugbẹ̀, àwọn á wẹ àwọn ọmọ, àwọn á wọṣọ fún wọn, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Kérésì. Ọmọ á gba ẹ̀bùn tí wọ́n ti fi bébà wé, òbí tó sanwó kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ò rí ọjà kẹ́ ẹ tó ra á nìyẹn, mà.”

“A ò rí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Kérésì rí ọmọ. Á bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, kó tó nawọ́ sẹ́yìn.”

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo ṣe lálẹ́ yìí. Mo jókòó, mo kọ àwọn ọmọ márààrún ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí, kíláàsì, bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó ń fi gbogbo ọjọ́ sọ. Mo fi fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí sí i, gbogbo wọn dúró ti ògiri, rúlà dání. Ó pè mí kíá. Ó ń bi mí pé ta lẹni gíga tó wà lápá òsì yẹn.

Kékeré ni.

Ó ti sanwó ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Nígbà tó jẹ́ pé òun ló san án látọ̀hún, kò sí pé kí n rí ọjà kí n tó sanwó, nítorí náà mo ti pinnu pé ọlọ́kadà tó bá gbé e wá máa dúró kí n já páálí lójú rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dá a padà fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu géètì ju ẹni tó ti dé Mọ́kọ́lá lọ. Bó bá tiẹ̀ máa rí ilé. “Lẹ́yìn mọ́sálásí, tó o bá rí ibi tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù, má yà o, èyí tó tẹ̀ lé e, géètì dúdú.” Mo ti fi ohùn sọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n bá ti pè, mo kàn máa fi ránṣẹ́ ni.

Ó ku awò ojú dúdú àti aago ọwọ́ oníke tí wọ́n á wọ̀ jáde lọ́jọ́ ọdún. Ìbọn oníke kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ rà, kí wọ́n má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé, màá gba Ògùnpa kọjá. Lórí fóònù, owó àtigbé awò náà wálé ju owó awò fúnra rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé kó fi ọ̀kan ṣe ènì.