Ìwé ọ̀sẹ̀ tí à ń kọ ránṣẹ́ sílé láti Abuja

Ọjọ́ Ẹtì la máa ń kọ ìwé ọ̀sẹ̀. Bí ìjókòó Ilé Aṣojú-ṣòfin bá ti parí ní Ọjọ́bọ̀, àwa tí a wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá mi, tó jẹ́ aṣojú-ṣòfin, á kó gbogbo Order Paper ọ̀sẹ̀ náà jọ, ìyẹn ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ ilé fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí, a ó wá máa ṣà á: èwo ló kan àwọn ará ẹkùn wa ní Kwara, èwo ni wọ́n máa béèrè bí a ò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Kubwa ni mo ń gbé, Ilé Aṣojú-ṣòfin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń kọ ìwé náà ní Yorùbá. Wọ́n á kà á lórí rédíò nílé, wọ́n á pín in lórí WhatsApp, àwọn ọmọ kan á sì gba ohùn ara wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kà á fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò gbé ìwé mọ́. Ojú ewé kan péré ni wọ́n fún mi. Ohun tí ojú ewé kan kò gbà ni mo ń kọ síbí.

Púpọ̀ nínú irú ìwé báyìí tí mo máa ń rí, àwòrán ló kún inú wọn: aṣòfin ń pín ọ̀kadà, aṣòfin ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣòfin jókòó níbi òkú àgbà. Mi ò bá ẹni tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ jà. Mo mọ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa nílé tó ń fi tirẹ̀ jẹun dòní. Àmọ́ iṣẹ́ méjì ni ìwé òfin ọdún 1999 gbé lé aṣòfin lọ́wọ́: kó ṣe òfin, kó sì máa tọ pinpin bí àwọn tó ń náwó ìjọba ṣe ń ná an. Abala 88 ló fún un lágbára láti pe iléeṣẹ́ ìjọba wá síwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé yà ní fọ́tò, ó sì máa ń gba gbogbo ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jà pé kí ó gba ààyè tó pọ̀ jù nínú ìwé wa, ọ̀gá mi sì ti gbà fún mi.

Ohun kan tí mi ò lè gbà ni kí a dárúkọ àbá òfin kan láìsọ ibi tó dé. Ẹ ó gbọ́ pé àbá òfin láti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ìlú báyìí ti “wọlé”, ìlú á gba ìlù, àwọn àgbà á kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Tí ẹ bá wo Order Paper, kíkà àkọ́kọ́ ni. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kí akọ̀wé ilé ka orúkọ àbá náà sókè lọ, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kíkà kejì ni wọ́n tó máa jiyàn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, wọ́n á pe àwọn ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, yóò padà wá fún kíkà kẹta, ilé kejì náà á sì gbà á wọlé kó tó dé iwájú ààrẹ. Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó dá a padà. Bó bá dá a padà, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di òfin. Ọ̀pọ̀ àbá ló ti kú sọ́nà kí ọdún mẹ́rin tí ilé kan ń lò tó pé. Ẹni tó bá mọ èyí, kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ àbá lásán gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n fi ń pè mí jù. Òfin mẹ́rin ni ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, èyí tó sọ iye tí kálukú máa san sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà wa nílé, ọ̀rẹ́ màmá mi ni, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan.

“Ọmọ mi, wọ́n ní ìjọba fẹ́ máa yọ owó nínú àkáǹtì wa. Ṣé kí n yáa lọ kó tèmi jáde?”

Mo ní, “Ẹ má kó o jáde o, Mà. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó ná. Bí ẹ bá ti yọ owó iṣu gbígbẹ, owó ọkọ̀, owó ọlọ àti owó àpò kúrò, èló ló máa ń kù lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ka á. Wọ́n ní, “Bí ọjà bá yá, ó lè tó ẹgbàárùn-ún. Nígbà mìíràn, kì í tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹgbàárùn-ún lọ́sẹ̀, bí ọjà bá tilẹ̀ yá jálẹ̀ ọdún, 520,000 náírà ni. Òfin tuntun sì sọ pé 800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Èrè lẹ́yìn ìnáwó òwò sì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ ọlọ́jà kọjá. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún ọmọ náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì yẹn, bí ó ṣe rí nìyí. Kò sí ibì kan nínú òfin náà tó ní kí báńkì máa gé owó orí lára owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Náírà 50 tí báńkì ń yọ lórí owó tó bá tó 10,000 ti wà kí òfin yìí tó dé. Ohun tó yí padà ni pé ọwọ́ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á báyìí, ẹni tó gbà á kò san án mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ti olóṣù náà, torí àwọn olùkọ́ ti bi mí. Ká ní 120,000 lẹnì kan ń gbà lóṣù, 1,440,000 ni lọ́dún. Ká ní 300,000 ló ń san fún ilé. Òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kúrò, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ 60,000. Ó ku 1,380,000. Wọ́n á yọ 800,000 tí kò ní owó orí, ó ku 580,000, wọ́n á gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìyẹn. 87,000 náírà lọ́dún, tàbí 7,250 lóṣù. Bó bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìyẹn náà, èyí tó máa san á sì tún dínkù. Ẹni tó ń gba 70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ láti ọdún 2024, tirẹ̀ jẹ́ 840,000 lọ́dún, ó fi díẹ̀ ju 800,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin fi dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ pé kò gbọdọ̀ san. Èmi fúnra mi ni mo ka ìlà yẹn sétí ọlọ́dẹ kan ní ẹnu ọ̀nà wa, ó ní kí n fi ìka tọ́ ọ fún òun.

Àwọn ará ilé kì í bi mí ní ti VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìjà ti gbóná jù. Nígbà tí ìjọba gbé àbá náà wá lọ́dún 2024, ó fẹ́ kí VAT gòkè láti ìdá 7.5 lọ sí 10, kó sì máa gòkè títí dé 15. Ilé kọ̀, ó ṣì wà ní 7.5, oúnjẹ òòjọ́ àti oògùn kò sì ní VAT lórí. Bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe máa pín owó náà ló wá dìjà gidi. Ohun tí àbá àkọ́kọ́ sọ ni pé kí ìdá 60 nínú ìpín àwọn ìpínlẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ra ọjà. Àwọn gómìnà Àríwá yarí, Kwara sì wà nínú ìpínlẹ̀ 19 tí à ń pè ní Àríwá. Ní oṣù Kìíní 2025 ni àwọn gómìnà tó fẹnu kò: ìdá 50 lọ́gbọọgba fún gbogbo ìpínlẹ̀, 20 nípa iye ènìyàn, 30 nípa ibi tí wọ́n ti ra ọjà. Ohun tó wà nínú òfin nìyẹn. Bí kì í bá ṣe àwọn tó yarí, ìpínlẹ̀ tí kò ní iléeṣẹ́ ńlá ì bá máa fi ojú wo owó náà bó ṣe ń lọ. Mo rò pé ẹ yẹ kí ẹ mọ èyí ju fọ́tò ọ̀kadà lọ.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, aṣojú kan dìde nínú ilé, ó ní ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, kò bá ohun tí ilé fọwọ́ sí mu níbì kan. Àwọn olórí ilé pàṣẹ pé kí wọ́n tún un tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba ẹ̀dà òfin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò bá ní òǹtẹ̀ akọ̀wé ilé lára. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbà á.

Ìyá elélùbọ́ kò tíì jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, “Àwọn tó ń wá já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láràárọ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè tó dára jù lọ tí mo gbọ́ nìyẹn. Òfin owó orí kò fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin fi ọjà sí níkàáwọ́, pẹ̀lú gáréèjì àti pápá ìsìnkú. Ìjọba ìbílẹ̀ tí owó rẹ̀ láti Abuja kò bá dé ọwọ́ rẹ̀ tán, orí elélùbọ́ ló máa ń yí sí.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé gómìnà kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti mú owó ìjọba ìbílẹ̀ dání, kí wọ́n máa san án fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tààrà, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní alága tí wọ́n dìbò yàn kò gbọdọ̀ gbà á. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ abala 162 nínú ìwé òfin ṣì ní àkáǹtì àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò nínú, kò sì sẹ́ni tó tíì yọ ọ́ kúrò. Láti yọ ọ́, ó gba ìbò 240 nínú 360 aṣojú-ṣòfin, 73 nínú 109 aṣòfin àgbà, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nínú àtúnṣe tó parí lọ́dún 2023, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, kò rí 24. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ kí owó ìjọba ìbílẹ̀ dé ọjà, kó má kọ lẹ́tà sí Abuja nìkan. Kó lọ bá aṣòfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nílé, kó bi í pé ọ̀nà wo ló máa dìbò sí. Mo ti fi ìlà yìí sínú ìwé ọ̀sẹ̀, mo sì máa fi í síbẹ̀ títí wọn á fi dìbò.

Àwọn aládùúgbò mi ní Kubwa náà máa ń bi mí pé ta ni aṣòfin tàwa. Abuja kò ní gómìnà, kò sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Abala 299 ló ní kí Ilé Aṣòfin orílẹ̀-èdè máa ṣe òfin fún un. Aṣòfin àgbà kan àti aṣojú-ṣòfin méjì ló ní, Kubwa sì wà lábẹ́ Bwari. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbí ló forúkọ ìbò sílẹ̀ nílé, wọn kò sì mọ ọ́fíìsì tí wọ́n máa kàn bí ọ̀nà wọn bá bàjẹ́. Ẹ lọ gbé ìforúkọsílẹ̀ yín wá síbi tí ẹ ń sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ bohóòlù. Ẹ̀yin ará wọ́ọ̀dù tó wà lókè odò ti ń béèrè pé ibo ni owó tí wọ́n fún ọ̀gá mi fún bohóòlù yín wọlé sí. Wọn kì í fún aṣòfin lówó iṣẹ́ àkànṣe. Ó máa dá a lábàá, yóò wọ inú ètò ìṣúná lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan, iléeṣẹ́ náà ló máa gbé iṣẹ́ fún kọngílá tó sì máa sanwó fún un. ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ń tọpasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2019, wọ́n sì ti mú kọngílá tó gbowó sá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tiyín, ó wà nínú ìwé ìṣúná pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì kọ̀wé pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀yin sọ pé páìpù kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí sólà kò sí lórí òpó.

Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó máa pe iléeṣẹ́ náà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lè dé ibẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú, kó ya òpó náà, kó ya ẹnu kànga, kí pátákó iléèwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn nínú fọ́tò kí wọ́n má bàa ní ibòmíràn ni, kó sì fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ọ́fíìsì tó wà nísàlẹ̀ ìwé ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kó wà nínú fáìlì ọ̀gá mi kí wọ́n tó wọlé.