Níbi tí ọmọṣẹ́ ti lè dá bàálù dúró

Àwọn èèyàn mi ní Abẹ́òkúta máa ń bi mí pé kí ló kan mẹkáníìkì nínú ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù lójú òkun, àwa tó jẹ́ pé odò Ògùn la ní, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà gan-an ò sì ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà ọkọ̀ ogun wọn NNS Aradu tí wọ́n gbà lọ́dún 1982, hẹlikópítà ló lè bà lé e, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Ó kàn mí gan-an ni. Mo ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, àwọn òbí wọn ló fà wọ́n lé mi lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe mú wọn wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì náà ló yẹ kí wọ́n fi bá wọn lọ lọ́jọ́ ìgbààṣẹ.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ń pè ní Nimitz, òkè ọkọ̀ náà gùn ju mítà 330 lọ, èèyàn bíi 5,000 ló sì ń gbé inú ẹ̀ táwọn oníbàálù bá ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí 330 yẹn tàn yín o, kékeré ni fún jẹ́ẹ̀tì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ẹ̀rọ tó ń ta bàálù jáde, láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì ó ti ń sáré ju 250 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, èyí tó bá sì ń bọ̀ wálẹ̀ máa fi ìkọ́ tó wà nídìí ẹ̀ kọ́ wáyà irin kan tí wọ́n nà sílẹ̀ kó tó lè dúró. Lọ́dún 2016 wáyà yẹn ò di bàálù kan mú dáadáa lórí ọkọ̀ USS Eisenhower, èèyàn 8 ló fara pa, bàálù yẹn já bọ́ kúrò lórí ọkọ̀, díẹ̀ ló kù kó wọmi kó tó gbéra padà. Àárín gbogbo eléyìí làwọn ọmọ ọdún 19, ọmọ 20 ti ń sá sókè sá sódò, ariwo éńjìnnì ò jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó bá dalẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni.

Bó ṣe jẹ́ pé lóde àríyá aṣọ ẹbí la fi ń mọ ẹni tó bá ìyàwó wá àti ẹni tó bá ọkọ wá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ aṣọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọ yẹ́lò ló ń darí bàálù, pọ́pù ló ń bu epo, pupa ló ń ṣètò bọ́ǹbù tàbí kó pa iná, gíríìnì ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ta bàálù àti àtúnṣe, búlúù ló ń fi ṣéènì de bàálù mọ́lẹ̀, bíráwùn ló ń tọ́jú bàálù kọ̀ọ̀kan, funfun sì ni ti ààbò àti ti ìṣègùn. O ò ní láti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tó o bá ti rí aṣọ o ti mọ ẹni tó o máa tẹ̀ lé.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí o. Kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti etí kan ọkọ̀ dé etí kejì, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, wọ́n á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á máa wo ilẹ̀, síkùrù, òkúta wẹ́wẹ́, wáyà tó já, ohunkóhun tí éńjìnnì lè fà mì, wọ́n á ṣà á. Ó wá ṣẹlẹ̀ lórí USS Carl Vinson pé ọmọ kan rí i pé irinṣẹ́ òun kan ti sọnù lórí ọkọ̀, ó lọ sọ. Wọ́n ní kí gbogbo bàálù tó wà lókè lọ bà sórí ilẹ̀ lọ́nà jíjìn, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n wá irinṣẹ́ yẹn títí wọ́n fi rí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n pe ọmọ yẹn jáde lójú gbogbo ayé, wọ́n yìn ín. Wọ́n yìn ín o! Ẹni tó já irinṣẹ́ sọnù, tó ná wọn ní gbogbo epo yẹn, tó sì da iṣẹ́ ọjọ́ kan rú.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọmọ kan já nọ́ọ̀tì sínú éńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀ lójú ara ẹ̀, ó sì dákẹ́, torí ọmọ tó sọ irú ẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ìgbájú ló jẹ, wọ́n tún gé owó oúnjẹ ẹ̀. Wọ́n de éńjìnnì padà, wọ́n sítáàtì ẹ̀, mi ò lè gbàgbé bó ṣe dún. Éńjìnnì lọ, oníbàárà lọ, ọmọ yẹn náà sá lọ. Kò sì sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé ìgbájú ti ìṣáájú ló ba éńjìnnì yẹn jẹ́.

Lọ́dún 1987 àwọn olùwádìí kan láti Yunifásítì California ní Berkeley, Rochlin, La Porte àti Roberts, kọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n bá irú ọkọ̀ yìí rìn. Wọ́n ní ẹni tó kéré jù lórí ọkọ̀ láṣẹ láti dá iṣẹ́ bàálù dúró lójú ẹsẹ̀ láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan, kì í wá ṣe àṣẹ nìkan, dandan ni fún un. Tó bá jẹ́ pé ó ṣì í, wọ́n lè bá a sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ló rí, ìyìn ni.

Mo sọ eléyìí fún ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ó mi orí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá fàyè gba ọmọṣẹ́ kó máa ní kó o dúró, ọ̀la kọ́ ló máa gun ẹ lórí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà, ọ̀gá orí ọkọ̀ yẹn lágbára tó lè fi ọmọ yẹn sẹ́wọ̀n, ta ló wá gùn ún lórí?” Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní Abẹ́òkúta kọ́ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò gbà. Àwa náà ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ọmọ tó wà lábẹ́ mọ́tò ló ń rí i tí jáàkì bá ń yẹ̀, ọ̀gá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ò lè rí i láéláé.

Nípa ohun tí wọ́n ń wọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: akoto, awò ojú, ohun ìdí etí onílọ̀ọ́po méjì, bàtà onírin, àti ẹ̀wù tó ń léfòó tí wọ́n so fèrè àti iná mọ́ tórí ẹni tó bá ṣubú sómi. Lọ́dún 1991 éńjìnnì jẹ́ẹ̀tì fa ọmọ kan wọlé tòun tara lórí USS Theodore Roosevelt, akoto ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọnú éńjìnnì lọ bà á jẹ́, awakọ̀ bàálù tètè pa éńjìnnì, ọmọ yẹn sì jáde láàyè. Wẹ́dà wa tó ní awò ojú ń mú orí fọ́ òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sí i létí.

Àmọ́ iná ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1967, USS Forrestal wà lójú òkun Vietnam. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan dédé yìn lára bàálù kan, ó fò kọjá lórí ọkọ̀, ó lọ lu táǹkì epo bàálù mìíràn tó ń dúró àtigbéra. Iná mànàmáná ló ru sókè nígbà tí wọ́n ń yí bàálù kúrò lórí iná ìta bọ́ sórí tiẹ̀, àmọ́ iná yẹn ì bá má rí rọ́kẹ́ẹ̀tì yìn ká ní wọ́n tẹ̀ lé òfin, torí òfin ní wáyà rọ́kẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí bàálù bá ti dé orí ẹ̀rọ tó máa ta á. Wọ́n rí i pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n bá ń kì í bọ̀ ọ́ ṣáájú. Epo dà, iná sọ. Gerald Farrier tó jẹ́ ọ̀gá àwọn panápaná orí ọkọ̀ ò ráyè wọ aṣọ iná, ẹ̀rọ ìpaná kékeré ló gbé sáré lọ bá bọ́ǹbù tó wà nínú iná, ó fẹ́ kó tutù káwọn èèyàn fi lè ráyè sá. Bọ́ǹbù àtijọ́ wà lára èyí tí wọ́n kó sórí ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò lè fara da iná bíi tuntun, láàárín bíi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ ti bú, ó pa Farrier àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó mọ iná pa.

Àwọn tó kù láyà, ẹ̀kọ́ ni wọn ò ní. Bí àwọn kan ṣe ń fi fóòmù bo epo lórí, làwọn mìíràn ń fi omi ṣàn án dànù, omi yẹn sì ń gbé epo tó ń jó gba inú ihò tí bọ́ǹbù lù lọ sísàlẹ̀ níbi táwọn èèyàn wà. Èèyàn 134 kú, 161 fara pa. Ọ̀pọ̀ wọn ò ju àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi lọ, ó sì ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí wọn ò ní kọ́ ní iná pípa, ìbáà jẹ́ kúùkù, ìbáà jẹ́ akọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ iná pípa wọn ní Norfolk sì ń jẹ́ orúkọ Farrier. Epo bàálù wọn, JP-5, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 60 dígírì kí ooru ẹ̀ tó lè gbaná, tìtorí ààbò ni wọ́n ṣe yàn án. Bẹntiróòlù tí àwa ń fi fọ kábúrétọ̀ ò dúró de ìyẹn, nínú ọyẹ́ gan-an á gbaná, tí wẹ́dà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì tó ń tá iná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé garawa iyanrìn sí ojú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dípò rọ́bà omi. Nípàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ màá dá a lábàá pé ká dáwó ra ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀ẹ̀fun, ká bẹ àwọn panápaná kí wọ́n wá kọ́ gbogbo wa bí wọ́n ṣe ń lò ó, títí kan màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì àtàwọn ọmọ tó ń ta pọ̀ọ̀wọ́tà, torí àárọ̀ ṣúlẹ̀ làwọn náà ń wà níbẹ̀.