Ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí mo kọ́ ọmọ àbúrò mi

Ọmọ àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n lọ kọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sórí, èmi ni mo sì jókòó tì í. Bí a bá ń fọ abọ́, à ń kà á: Àkókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Àkúrẹ́ méjèèjì, Ẹsẹ̀-Odò, Ìdànrè, Ìfẹ́dọ̀rẹ́, Ìlàjẹ, títí tó fi dé Ọ̀wọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń kà á bí ẹni ń kọrin.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ mẹ́fà tó wà ní ẹkùn Gúúsù, ọ̀kan nínú ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tí ìpínlẹ̀ náà ní. Ọmọ yìí kọ Ẹsẹ̀-Odò, ó kọ Ìdànrè, ó fi Ìfẹ́dọ̀rẹ́ tẹ̀ lé e. Ìdànrè kẹ̀! Ẹkùn Àárín Gbùngbùn ni Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ́ wà, pẹ̀lú Àkúrẹ́ méjèèjì àti Oǹdó méjèèjì. Ọmọ náà sì mọ Ìdànrè, ó ti gun òkè ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú orin tí mo kọ́ ọ, bó bá ti pe Ẹsẹ̀-Odò, Ìdànrè ló ń yọ jáde. Òdígbó tó yẹ kó kọ wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò ráyè dé ibẹ̀.

Ó dùn mí wọra. Ọmọ náà ò ṣọ̀lẹ rárá.

Mo wá rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nípa Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó gbé ìwé jáde lọ́dún 1885 nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó to sílébù 16 tí kò nítumọ̀, ó kọ́ wọn sórí, ó tún wọn kọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ìtò wọn ò bá yí padà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tó kọ́kọ́ lò ló ń dín kù. Bó bá ń fo ọ̀kan ọ̀kan, tí ìkíní àti ìkẹta wá ń fara kanra, èyí tó ń dín kù ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Bó bá dà wọ́n rú pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí kò kọ́ wọn rí. Sílébù kan náà ni o, aládùúgbò wọn ló yí padà.

Ká ní "èwo ló tẹ̀ lé Ìrèlè?" ni wọ́n bi í, ì bá gba gbogbo máàkì. Torí náà mi ò ní ká má to nǹkan. Ta ni yóò kọ́ a-b-d ní jágbajàgba?

Mo ti gé bébà 18 báyìí, orúkọ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n sínú abọ́ gààrí. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á yọ ọ̀kan, á sọ ẹkùn rẹ̀. Lánàá, ó yọ Òkìtìpupa, kí n tó lanu ó ti ní, "Gúúsù ni, Àǹtí!" Ìfẹ́dọ̀rẹ́ nìkan ló ṣì ń dà á láàmú. Bó bá di Sátidé, a ó wọkọ̀ lọ sí Ìgbàrà-Òkè, olú ìlú Ìfẹ́dọ̀rẹ́, kó fojú ara rẹ̀ rí i.