Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé Ọjà-Ọba lónìí

Alihamudulilahi Rabil alamina. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tóbi. Láàárọ̀ yìí, láìsí ọ̀pá, láìsí ẹni tó dì mí lápá mú, mo rìn láti ilé wa dé Ọjà-Ọba. Mo ra ata, mo ra wàrà, mo sì rìn padà wálé. Omijé ti ń bọ́ lójú mi kí n tó sanwó tán. Oníwàrà ò mọ ohun tó ṣe mí, ó sáà ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlàájà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ohun tí ojú mi ti rí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, n ò ní tún un sọ. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, àwọn ọmọ ló ní kí n jáde nílé, kí n lọ gba atẹ́gùn díẹ̀. Bí a ṣe gba Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá nìyẹn, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, tí a fi dé Ọ̀wá-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi Òwu wà.

Mo fẹ́ kí ẹni tí kò débẹ̀ rí mọ ohun tí mo rí, torí omi náà ò ṣẹ̀ mí. Igbó yẹn móoru. Igi bo ojú ọ̀run, ìtàkùn lọ́ mọ́ra wọn, òógùn lẹ ìborùn mi mọ́ mi lọ́rùn. A ò tíì rí omi tí a ti ń gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé bíi mẹ́wàá bá ń gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi bí a ṣe yọ sí i: àpáta dúdú tí wọ́n ní gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 330, omi funfun ń dà bọ̀ lórí rẹ̀, ìrì omi ń ta sí wa lójú. Ooru tó fẹ́ẹ̀ pa wá níṣẹ̀ẹ́jú kan sẹ́yìn di òtútù. Mo ní, "Subuhanalahi!" Ìyàwó àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ, ní, "Halelúyà!" A di ara wa mú.

Ọmọkùnrin kan ló mú wa wọgbó, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Nígbà tó pe owó tí òun máa gbà, a ná an bí ẹni ń ná ẹja. Mo tiẹ̀ bi í bóyá òun ló dá omi. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Ó fi àdá gé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún wa, mo sì ju tèmi nù torí pé mo fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù ya fọ́tò.

Oòrùn ṣì ń ràn lórí wa nígbà tí ọmọ yìí ṣàdédé dìde, tó dẹ etí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jáde. Ohùn omi ti yí." Àwa ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ó nawọ́ sí i: ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ti ń bá omi bọ̀, omi funfun sì ti ń pọ́n bí omi amọ̀. Òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ojú wa ò tó. Gbogbo èèyàn sá. Èmi náà yíjú, mo gbẹ́sẹ̀ lé àpáta kan tó ń yọ̀ bí ilá, ẹsẹ̀ mi kó sáàárín òkúta méjì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún kí n tó mọ ìrora. Omi dé ìbàdí mi, ó dé àyà. N ò gbọ́ igbe àwọn ọmọ mi, ẹnu wọn tó ń là nìkan ni mo ń rí. Mo ti ń pe lailaha ilalahu.

Ọmọ tí a ná lówó yẹn ló padà wá. Ó dojú bolẹ̀ lórí àpáta, ó na ọ̀pá tirẹ̀ sí mi. Mo fẹ́ dìde, ó kígbe, "Màmá, ẹ má dìde! Ẹ jókòó! Ẹ fìdí wọ́!" Bí mo ṣe jókòó sínú omi ni ẹsẹ̀ náà yọ. Mo gbá ọ̀pá mú, ó ń fà, mo ń fìdí wọ́, títí mo fi bá ara mi lórí òkúta gbígbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ká ní mo dìde ni, omi ì bá ti gbé mi lọ.

Àwọn ọkùnrin abúlé fi pákó gbé mi jáde. N ò ní sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ní ká sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi níbòmíràn, wọ́n sì fi irin sí ẹsẹ̀ náà.

Orí ibùsùn yẹn ni mo wà tí mo ka ohun tí ẹnì kan kọ sí ojú ìwé ẹbí lórí WhatsApp: "Opó wo ló ń lọ ṣeré lódò?" Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ọlọ́run ní kí opó fi jókòó. Mo jókòó pé. Ta ló wá fi ìyókù lé e? Ẹlòmíràn ní àwọn tó ni omi ló fẹ́ mú mi. Ẹ má parọ́ mọ́ omi. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ju ọ̀pá nù, òjò sì rọ̀ lókè. Àti ìwọ tó o ní wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà ni, mo ra ata lónìí.

Ẹ gbọ́ tèmi o, bẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀ nígbà òjò, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ ìlú dání. Iye tó bá pè, ẹ san án. Bí omi bá ti pàwọ̀ dà, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ máa sá.

A padà lọ dúpẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mú aṣọ òfì lọ fún ìyá ọmọ tó fà mí yọ. Ìyá náà jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó ń fi ìka tọ ojú àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó pẹ́. Ó ní ká má dárúkọ ọmọ òun níbí, torí ojú ayé pọ̀. Ọmọ náà ò gbà ju iye tó pè lọ́jọ́ kìn-ín-ní lọ. Owó ìdánwò WAEC rẹ̀ ni a lọ san níléèwé, kó tó mọ̀.

Sàráà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Gbogbo yín ni mo pè, títí kan ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ opó yẹn. Ìrẹsì máa wà, wàrà máa wà. Èmi fúnra mi ni n ó dúró bu oúnjẹ.