Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Òtútù ni gbogbo èèyàn kì mí nílọ̀ ẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ ní Kòríà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìkíni ló máa kó bá mi.

Suwon ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Seoul. Màmá àgbà kan ló ni ilé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, èmi wà lókè pátá. Halmoni ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà. Ahọ́n tiwọn náà ò gba orúkọ mi, "chonggak" ni wọ́n ń pè mí, àpọ́n. (Ó máa ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ irọ́ kọ́.)

Nígbà tó di Seollal, ọdún tuntun tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, màmá ní kí n wá jẹ tteokguk. Ọbẹ̀ olómi ni, ìrẹsì gígún tó le bí iyán àná, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, wọ́n ní ó ti fi ọdún kan dàgbà nìyẹn. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ilé gbóná níbí: òtútù ń já ẹ nímú jẹ níta, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ ń gbádùn nínú ilé.

Mo bá àwọn ọmọ-ọmọ màmá lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màmá ń fún wọn ní àpòòwé owó. Inú mi dùn kọjá ààlà. Àṣé iṣẹ́ tí wọ́n fi bí mi nìyí! Nílé wa, bó o bá kí bàbá mi lórí ìdúró, wọ́n á bi ẹ́ bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́. Nígbà tó kàn mí, mi ò tiẹ̀ kúnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ilẹ̀ yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí n sùn lọ.

Ilé pariwo. Màmá ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n na àpòòwé kan sí mi, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹnu ẹ̀ ò lẹ̀, kì í ṣe pé mo yọjú o: 10,000 won, Ọba Sejong tó ṣẹ̀dá lẹ́tà wọn lọ́dún 1443 ló ń wò mí látinú owó.

Ọmọ Yorùbá, wọ́n fún ẹ lówó, kí lo máa ṣe? Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ilé pa lọ́lọ́. Ọwọ́ tí màmá fi ń pàtẹ́wọ́ dúró lófuurufú. Ọmọ-ọmọ wọn kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ rọra sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń kí alààyè. Òkú la máa ń kí lẹ́ẹ̀mejì."

Ara mi tutù lórí ilẹ̀ gbígbóná. Mo ti sìnkú onílé mi lójú ọmọ, lójú àna. Bẹ́ẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi kún owó ilé mi!

Ká ní mo dúró ronú ni. Ṣùgbọ́n ara ti ṣe ohun tí ara mọ̀. Bó o bá ṣẹ àgbà, ilẹ̀ lo ti máa bẹ̀bẹ̀. Mo tún na gbalaja: "Halmoni, joesonghamnida!" Ẹ forí jì mí, mà.

Ọmọ yẹn fọwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n... ẹlẹ́ẹ̀mẹta yẹn, Búdà la máa ń kí bẹ́ẹ̀ ní tẹ́ńpìlì."

Màmá wo èmi tí mo ṣì dojú délẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n sọ nǹkan kan, ọmọ náà túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ẹ ti pa àwọn, ẹ tún ti sọ àwọn dòrìṣà, ọbẹ̀ ò sì tíì tutù. Wọ́n ní ẹ dìde, ẹ wá jẹun."

Mo jẹun. Nígbà tí wọ́n bu abọ́ kejì síwájú mi, mo ní kí n dúpẹ́. Orúnkún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ̀ báyìí ni gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, fi ohùn kan pariwo mọ́ mi: "An dwae!" Ó tì o!